Orúkọ Zinsu Tó Wà Nísàlẹ̀ Sìláìdì

Lánàá, kí ìrì tó gbẹ lórí koríko, ẹjọ́ kan wọ ààfin Baálẹ̀ wa tòun ti ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ààfin la máa ń pè é ní abúlé wa yìí, létí ọ̀sà ní ìhà Ajido, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òrùlé rẹ̀ ń jò, tó sì jẹ́ pé àga oníke mẹ́fà péré ló wà níbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn kò sì ní ẹsẹ̀ kẹrin. Baálẹ̀ Gbọ́lágadé jókòó sórí èyí tó le jù. Ọ̀tún Akíndé, olórí àwọn ìjòyè rẹ̀, jókòó sórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, nítorí òun nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń sùn lórí rẹ̀ láìṣubú.

Zinsu ló pẹjọ́, apẹja ni, ọmọ Ègùn pọ́ńbélé. Rewájú ló pè lẹ́jọ́, ọmọ abúlé wa tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ lọ́nà Otto. Zinsu gbé àwọ̀n rẹ̀ lé èjìká wá. Àwọ̀n náà gbẹ bí ẹja tí wọ́n yan lọ́dún èṣí.

"Baálẹ̀, kí ẹ pẹ́ fún wa," ni Zinsu wí, ó dọ̀bálẹ̀ tòun tàwọ̀n. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ kan àwọ̀n yìí."

Baálẹ̀ fọwọ́ kàn án. "Ó gbẹ."

"Ọ̀sẹ̀ méjì ló ti gbẹ! Rewájú ló sọ ọ́ di gbígbẹ!"

"Ṣé ó sá a sóòrùn ni?"

"Ó kọ orúkọ mi sí gbọ̀ngàn ìjọ!"

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé yín: lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, Rewájú ta aṣọ funfun kan mọ́ ògiri gbọ̀ngàn ìjọ wa, ó ní òun fẹ́ fi iṣẹ́ òun hàn wá kí òun tó lọ fi han àwọn olùkọ́ òun. Ó ní ẹ̀rọ kan tó ń ju ìwé àti àwòrán sára aṣọ náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ń pè ní sìláìdì. Ìkarùn-ún ló dá wàhálà sílẹ̀. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Àwọn kan ní abúlé wa ń fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn kó ọmọ ẹja." Ó fi nọ́ńbà ení kékeré kan sí ìparí ọ̀rọ̀ náà. Nísàlẹ̀ pátápátá, ení yẹn tún wà, ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e kò sì tóbi ju ẹyin èèrà lọ: "Zinsu ló sọ ọ́, nínú ọkọ̀ rẹ̀, lọ́jọ́ Ẹtì."

Àwa tí a lè ka ìwé kà á sókè fún àwọn tí kò lè kà á. Ìfẹ́ ọmọnìkejì ni.

"Láti ọjọ́ náà," ni Zinsu wí, "kò sẹ́ni tó bá mi fa okùn mọ́. Baálẹ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ pé èèyàn mẹ́wàá ló ń fa àwọ̀n yìí wá sí èbúté. Mo pe àwọn tó máa ń bá mi fà á. Wọ́n ní àwọn kì í bá ìwé ìròyìn pẹja."

"Ìwọ àti ìyàwó rẹ kò lè fà á?"

"A gbìyànjú rẹ̀. Àwọ̀n ló fà wá. Àwọn ará Ajido ló fi ọkọ̀ yọ ìyàwó mi lómi."

Ọ̀tún Akíndé la ojú kan. "Kí lẹ wá rí pa lọ́jọ́ náà?"

"Ìyàwó mi nìkan."

Baálẹ̀ kọjú sí Rewájú. "Ìwọ ọmọ yìí, kí lo rí sí i?"

"Baálẹ̀, oore ni mo ṣe bọ̀dá Zinsu."

"Oore!" Zinsu fẹ́ fò dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ há sínú àwọ̀n.

"Olùkọ́ mi sọ pé ẹni tó bá mú ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn lò tí kò dárúkọ onítọ̀hún, olè ni, òdo ni òun yóò sì fún un. Ṣé ẹ fẹ́ kí n máa ja bọ̀dá mi lólè ni?"

"Jà mí lólè!" ni Zinsu kígbe. "Ta ló ní kí o dá ọ̀rọ̀ padà fún olówó rẹ̀? Ṣé mo bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ?"

Rewájú gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tó fẹ́ wàásù. "Ẹ ṣí Ìwé Mímọ́. Lẹ́tà wẹ́wẹ́ wà létí ewé rẹ̀, ó ń sọ ibòmíràn tí ọ̀rọ̀ náà gbé wà. Ẹ ṣí ìwé orin ìjọ, orúkọ ẹni tó kọ orin wà nísàlẹ̀ orin. Àwọn wòlíì gan-an, wọn kì í la ẹnu láìsọ pé, 'Báyìí ni Olúwa wí.' Kí nìyẹn bí kò ṣe orísun ọ̀rọ̀? Olúwa ọ̀run gbà kí wọ́n dárúkọ òun, bọ̀dá Zinsu ni kò gbà!"

Èmi tí mo ti ń kọrin ohùn kejì nínú ìjọ láti kékeré, díẹ̀ ló kù kí n ṣe Àmín.

"Orúkọ Júdásì náà wà nínú ìwé tí o ń wí," ni Zinsu fèsì. "Lọ bi í bóyá inú rẹ̀ dùn sí i."

Ọ̀tún Akíndé bú sẹ́rìn-ín, àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sì dà á sílẹ̀ gbì. A gbé e dìde. A gbọn ẹ̀wù rẹ̀. Ó ní kí ẹjọ́ máa lọ.

"Rewájú, ṣé o ò lè pa orúkọ yẹn rẹ́ ni?" ni Baálẹ̀ bi í.

"Òdo ni, Baálẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ni mo máa fi iṣẹ́ náà hàn wọ́n. Bí mo bá gba òdo, ọdún kan gbáko ni mo máa fi tún un ṣe."

"Bí kò bá sì pa á rẹ́," ni Zinsu wí, "ẹja tó ń wọ ọ̀sà lásìkò yìí yóò wọlé, yóò jáde, kò ní rí àwọ̀n mi. Kí ni àwọn ọmọ mi máa jẹ? Ìsàlẹ̀ ìwé?"

Baálẹ̀ ti fìlà síwájú, ó họ orí. "Zinsu, ọ̀rọ̀ nẹ́ẹ̀tì tí o sọ yìí, òótọ́ ni àbí irọ́?"

"Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo ni ín. Ìyá Dosi ló sọ ọ́ fún mi."

Ìyá Dosi, tó ń yan ẹja lẹ́yìn ilé ìjọ, ti wà lójú fèrèsé láti àárọ̀. Ó wọlé kí wọ́n tó pè é, tòun ti èéfín lára.

"Irọ́ gbuu! Èmi bá Zinsu sọ̀rọ̀? Láti ọjọ́ ìkórè ìjọ, n kò kí i, n kò jẹ́ ẹ nígbà tó kí mi!"

"Ó dáa, máa lọ sílé," ni Baálẹ̀ wí.

"Ẹ jọ̀ọ́, Baálẹ̀," ni Rewájú wí, ó ti fa bírò yọ. "Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé bọ̀dá Zinsu ló fi ọgbọ́n ara rẹ̀ ṣàkíyèsí rẹ̀. Mo máa kọ ọ́ pé òun lẹni àkọ́kọ́ tó mọ̀ nípa rẹ̀ ní gbogbo etí ọ̀sà."

Ìyá Dosi dúró lójú ọ̀nà. Ó yí padà. "Ẹni àkọ́kọ́ báwo? Zinsu tí kì í mọ̀ pé ẹja òun ti rà àfi tí eṣinṣin bá sọ fún un? Èmi ni mo sọ ọ́! Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sọ ọ́, torí kò tètè yé e! Kọ Ìyá Dosi síbẹ̀, kí o sì kọ ọ́ gàdàgbà."

"Ìwọ tí kò bá a sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ ìkórè?"

"Ọjọ́ ìkórè gan-an ni, Baálẹ̀. Àlùfáà ń wàásù lọ́wọ́, ilẹ̀ pa rọ́rọ́, ọ̀rọ̀ dùn ún sọ."

"Ta ló sọ fún ìwọ?"

"Ishaq."

Ishaq ló ń ta okùn àti àwọ̀n lọ́jà Agbalata. Zinsu ló pè é wá kó wá jẹ́rìí pé àwọ̀n náà kò ní àbùkù. Inú rẹ̀ dùn nígbà tí wọ́n dárúkọ rẹ̀. Ó tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó kí Baálẹ̀, ó kí àwọn ìjòyè, ó kí àga.

"Baálẹ̀, lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀rọ̀ kì í rìn láìní baba. Bí àwọn ààfáà wa bá fẹ́ sọ hàdíísì, wọn a ní lágbájá gbọ́ ọ lẹ́nu tàmẹ̀dò, tàmẹ̀dò gbọ́ ọ lẹ́nu làkáṣègbè, títí wọn ó fi dé ibi tó ti ṣẹ̀. Mi ò ní fi ohunkóhun pamọ́."

"Fi díẹ̀ pamọ́," ni ohùn kan wí láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Olorì Moyọ̀sọ́lá ni, ìyàwó Baálẹ̀. Ishaq na ìka sí ilẹ̀kùn. "Ẹnu Olorì ni mo ti gbọ́ ọ, lọ́jọ́ tí wọ́n wá ra okùn lọ́wọ́ mi."

Baálẹ̀ sáré nu ojú. "Ọ̀sán ti ń pọ́n. Ẹ jẹ́ ká sún ẹjọ́ yìí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Rárá o!" ni Ọ̀tún Akíndé wí, ó la ojú méjèèjì. Láti ọdún mẹ́rin tó ti di Ọ̀tún, a kò rí ojú rẹ̀ méjèèjì rí lẹ́ẹ̀kan náà. "Ká tẹ̀síwájú."

Olorì ti jáde. "Ẹ ti bi gbogbo ayé, Baálẹ̀ mi. Ẹ ò ní bi èmi náà?"

"Moyọ̀, ọ̀rọ̀ inú ilé ni."

"Ẹ bi mí ta ló sọ fún mi!"

Baálẹ̀ ń wo òrùlé tó ń jò. Olorì dá ara rẹ̀ lóhùn. "Ẹ̀yin ni! Ọjọ́ tí ẹ tú nẹ́ẹ̀tì orí bẹ́ẹ̀dì wa, mo ní kí lẹ fẹ́ fi ṣe. Ẹ ní, 'Moyọ̀, ojú rẹ̀ mà wẹ́wẹ́ o, ọmọ ẹja kan kò lè yọ níbẹ̀.' Ẹ lọ sí odò, ẹ fi mí sílẹ̀ fún ẹ̀fọn." Ó ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè. Apá náà ti wú kókó-kókó. "Kí Rewájú tó kọ orísun tirẹ̀ sísàlẹ̀ ìwé, ó ti wà lára mi!"

Mo rántí wòlíì tó na ìka sí ọba láàárín ààfin rẹ̀, mo sì tẹrí ba bí ẹni ń gbàdúrà. Kí Olúwa foríjì mí, ẹ̀rín ni mo ń rín.

"Jiwheyẹwhe ṣie!" ni Zinsu fi èdè Ègùn ké pe Ọlọ́run rẹ̀. Ó tún dọ̀bálẹ̀. "Baálẹ̀, mo fagi lé ẹjọ́. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Àwọ̀n yìí gan-an kò gbẹ mọ́."

Baálẹ̀ Gbọ́lágadé ṣí fìlà, ó gbé e lé orúnkún.

"Rewájú, o ò ní pa orúkọ kankan rẹ́. Àìpé orísun rẹ ló dá ìjà sílẹ̀. O rí ẹnì kan, o so gbogbo ẹrù mọ́ ọn lọ́rùn. Ó yá, kọ ọ́: Zinsu gbọ́ ọ lẹ́nu Ìyá Dosi, Ìyá Dosi gbọ́ ọ lẹ́nu Ishaq, Ishaq gbọ́ ọ lẹ́nu Olorì, Olorì gbọ́ ọ lẹ́nu Baálẹ̀. Baálẹ̀ kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnì kankan. Òun ló ṣe é."

"Baálẹ̀, gbogbo ìyẹn kò ní gba ìsàlẹ̀."

"Gbé e sókè! Kí orúkọ wa wà lókè gàdàgbà, kí ọ̀rọ̀ nẹ́ẹ̀tì wà nísàlẹ̀ bí ẹyin èèrà." Ó kọjú sí wa. "Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tó bá wà lódò, kó padà sórí bẹ́ẹ̀dì kó tó di ọjọ́ Àìkú. Tèmi ni yóò ṣáájú. Àti pé, láti òwúrọ̀ ọ̀la títí ẹja fi máa lọ, gbogbo ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú orísun yìí ni yóò bá Zinsu fa okùn, bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn. Èmi ni yóò wà nígbẹ̀yìn, níbi tí ẹrẹ̀ pọ̀ sí, nítorí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀. Rewájú yóò fà á, torí òun ló kọ ọ́. Ọ̀tún yóò fà á, torí ó rẹ́rìn-ín kí n tó dájọ́."

"Èmi tí ẹ̀fọn ti jẹ tán?" ni Olorì bèèrè.

"Ìwọ ni kí o máa dá orin."

Zinsu ti ń fi ìka kà wá. "Baálẹ̀, a ò tíì pé mẹ́wàá."

"A máa pé. Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni tó bá ròyìn ẹjọ́ yìí gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Àwọn méjèèjì ni yóò wá fa okùn."

Bí a ṣe tú ká nìyẹn. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, kò sí ilé kan ní etí ọ̀sà tí wọn kò ti ròyìn ẹjọ́ náà. Ní òwúrọ̀ yìí, àwọ̀n Zinsu tutù, èèyàn mọ́kàndínlógún sì wà nídìí okùn, èmi náà ń bẹ níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, bí ẹnikẹ́ni bá bi yín pé ta ló sọ ọ́ fún yín, mo fi Olúwa bẹ̀ yín, ẹ ní ẹ lá a lálàá ni. Ẹ̀yìn ti ń dùn mí.