Onígbàjámọ̀ Tó Lé Ooru Síta

Ẹjọ́ tó dé ààfin lánàá, ẹni tó bá gbọ́ ọ tí kò rẹ́rìn-ín, kó lọ wo ẹnu ara rẹ̀ nínú dígí, bóyá eyín ti ká tán níbẹ̀. Èmi akọ̀wé ààfin ni mo kọ ọ́ sílẹ̀, lẹ́nu ọ̀nà tí tábìlì mi wà, pẹ̀lú òógùn lójú.

Alábẹ́là ló pẹjọ́. Ó ṣí páálí kan níwájú Kábíyèsí. Gbogbo àbẹ́là òkè ló ti tẹ̀, tí wọ́n doríkodò.

"Kábíyèsí, onígbàjámọ̀ yìí ni! Ó ra éésì, ẹ̀rọ amúlétutù, sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, ó wá kọ ìdí ẹ̀ sí fèrèsé mi. Àtàárọ̀ ló ń fẹ́ ooru lù mí. Ọjọ́ Àìkú ni ṣọ́ọ̀ṣì ń retí àbẹ́là yìí. Iṣẹ́ tí ìyá mi fi tọ́ mi nìyí, ó fẹ́ yọ́ ọ mọ́ mi lọ́wọ́."

"Onígbàjámọ̀, kí lo rí sọ?"

"Kádé pẹ́ lórí. Ooru yẹn kì í ṣe tèmi. Inú ṣọ́ọ̀bù ni mo bá a lọ́jọ́ tí mo gba kọ́kọ́rọ́. Mo kàn ní kó máa lọ ni. Ẹni tó lé àlejò tí kò pè jáde, ṣé òun ló tún máa wá ibi tó máa sùn fún un?"

"Ojú fèrèsé mi lo lé e sí!"

"Ìta ni mo lé e sí. Ta ló ni ìta? Éésì kékeré ni, Kábíyèsí. Kí ni ooru tèmi já mọ́ nínú ayé tó fẹ̀ tó báyìí?"

Wọ́n pe onítẹ̀wé tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì láti wá jẹ́rìí. Ó wọlé tòun ti súwẹ́tà lọ́rùn.

"Ooru wo?" ló fi bẹ̀rẹ̀. "Kò sí ooru kankan. Àwọn oníròyìn ló ń fi àyípadà ojú ọjọ́ dẹ́rù bà yín. Òtútù ló ń mú èmi."

"Níbo lo máa ń jókòó?"

"Iwájú éésì mi ni, Kábíyèsí."

"Ìdí éésì ọ̀hún ńkọ́?"

Onítẹ̀wé wolẹ̀. "Ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ ló kọ sí."

"Háà!" Onígbàjámọ̀ fò sókè. "Ooru ẹ ló jẹ́ kí n lọ ra tèmi!"

"O ṣẹ̀ṣẹ̀ ní o bá a níbẹ̀ ni," Ọba wí.

"Díẹ̀ ni mo bá, Kábíyèsí. Òun ló kó ìyókù wá."

Ìjòyè àgbà húkọ́. "Ooru ti wà látọjọ́ tó ti pẹ́. Lọ́dún tí ìyàwó mi àkọ́kọ́ kó jáde, ó mú ju báyìí lọ."

"Ṣé ooru ló lé e jáde?"

"Rárá o, ó ní ilé mi tutù jù ni. Ẹ jẹ́ ká yan ìgbìmọ̀. Tó bá fi máa tó ogún ọdún, a ó ti mọ̀ bóyá ooru wà."

"Ogún ọdún kẹ̀, Bàbá?" Alábẹ́là fọwọ́ lérí. "Àbẹ́là mi ò lè dé ọ̀la!"

Ọba ní kí n mú àbẹ́là méjì tó ṣì nàró nísàlẹ̀ páálí wá. Kí ọ̀kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, kí n gbé ìkejì sẹ́yìn éésì.

"Éésì ta ni, Kábíyèsí?" mo bi í.

Alábẹ́là ló dáhùn. "Tiyín ló sún mọ́ wa jù."

Éésì mẹ́rin ni Ọba ní, ẹnu ọ̀nà tí èmi àti àwọn olùpẹjọ́ ń jókòó sí ni gbogbo wọn kọ ìdí sí. Ọdún mẹ́fà rèé tí mo ti ń làágùn níbẹ̀, n ò lè ṣàròyé.

Nígbà tó tó wákàtí kan, tẹ̀gbẹ́ Ọba ṣì nàró ṣánṣán. Tẹ̀yìn éésì ti tẹríba títí orí fi kan ilẹ̀.

Ọba wò ó títí. Ojú tì í. "Àbẹ́là yìí nìkan ló sọ òótọ́ láàfin yìí lónìí," ó ní.

Ó wá dájọ́: "Onígbàjámọ̀, onítẹ̀wé, kí kálukú yí ìdí éésì ẹ̀ sínú ṣọ́ọ̀bù ara ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ òtútù, kó máa bá ooru ẹ̀ gbé. Lẹ́yìn náà, kí ẹ̀yin méjèèjì bá obìnrin yìí yọ́ àbẹ́là ẹ̀, kẹ́ ẹ tún un dà kó tó di ọjọ́ Àìkú. Ní ti ìgbìmọ̀ ogún ọdún, ìjòyè àgbà àti àwọn ìjòyè yòókù ni mo yàn; ẹ gbé àga wọn sẹ́yìn éésì mi. Wọn ò gbọdọ̀ dìde títí wọ́n á fi mọ̀ bóyá ooru wà."

Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ìgbìmọ̀ fi parí iṣẹ́. Ìjòyè àgbà ló kọ́kọ́ pariwo pé ooru wà.

Ọba dìde fúnra rẹ̀, ó pa éésì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo kọ ìdájọ́ náà parí láìnu òógùn lójú.