Ẹ̀bà Ọ̀gá Láníhùn

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ìwé kì í tẹ ẹ̀bà? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń gbọ́ ọ, ẹ ń mi orí bí ẹni tó gbọ́n. Ẹ gbẹ́nu dákẹ́, kí n sọ ọ́ fún yín.

Ọ̀gá ilé ìwé girama kan wà ní ìlú Ìdí-Ahùn, Láníhùn lorúkọ rẹ̀. Ó kàwé, ó kàwé yó. Láti kékeré ló ti ń gbé ilé ìwé, oúnjẹ rírà ló sì fi dàgbà. Nígbà tí wọ́n fi í jọ̀gá, ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó fagi lé ẹ̀kọ́ ìdáná. Ìyá Dékúnlé tó ń kọ́ àwọn ọmọ bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní wọ́n á kúrò nílé ìwé lọ́jọ́ kan, ebi á sì máa pa wọ́n. Láníhùn ní àyè ò sí fún ìkòkò, ìṣirò ni kí wọ́n máa kọ́.

Àfi bó ṣe rí Mórẹ́nikẹ́, ọmọge kan tó ti tó lọ́kọ. Ọmọ náà wù ú débi pé kò rí oorun sùn dáadáa. Ẹ sì mọ̀ pé a kì í fọmọ fọ́kọ láìwádìí. Ní Sátidé kan, bàbá ọmọ yọ sí i láìròtẹ́lẹ̀, ó ní òun wá wo bí ọkọ ọmọ òun ṣe ń gbé. Láníhùn dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá ní ebi ń pa òun, ẹ̀bà lòun ó jẹ.

Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí Mórẹ́nikẹ́ fi ránṣẹ́ wà nílẹ̀. Ta ni yóò wá tẹ ẹ̀bà? Ojú ti Láníhùn láti lọ bẹ Ìyá Dékúnlé. Ló bá pe igbákejì rẹ̀, Ṣówándé, tó ń kọ́ni ní kẹ́mísírì.

Ṣówándé ní eruku wà nínú gaàrí, kí àwọn fọ̀ ọ́ bí ìrẹsì. Wọ́n fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Wọ́n gbé e kaná, wọ́n dé e, wọ́n ń wo aago. Kò pẹ́, gaàrí ti ìdérí dànù. Wọ́n bu ìdajì sí ìkòkò kejì, ìyẹn náà kún. Ó le, wọ́n bu omi sí i; ó rọ̀ jù, wọ́n da gaàrí sí i; ó tún le. Bí wọ́n ṣe ń bá a fà á nìyẹn títí àpò gaàrí fi tán, tí ẹ̀bà sì kún garawa ìwẹ̀.

Wọ́n bù fún bàbá. Bàbá fi òkèlè kan sẹ́nu, ẹnu ò sì yà mọ́. Láníhùn sáré fún un lómi, ẹ̀bà tún wú. Ni Ṣówándé bá fi ṣíbí hú u. Ẹ̀bà jáde lóòótọ́, gbogbo eyín àtọwọ́dá bàbá sì bá a jáde. Láníhùn mọ̀ pé ìyàwó ti lọ nìyẹn. Ó wólẹ̀, ó ń sunkún.

Bàbá fọ eyín rẹ̀, ó tò ó padà, ó wo garawa, ó wo àwọn ìwé ẹ̀rí tó wà lára ògiri.

“Ọmọ mi, ìwé rẹ pọ̀, mi ò bá ọ jiyàn. Ṣùgbọ́n ìwé kì í tẹ ẹ̀bà. Dá ẹ̀kọ́ ìdáná padà fáwọn ọmọ, kí ìwọ náà jókòó tì wọ́n. Ọjọ́ tí mo bá jẹ ẹ̀bà rẹ tí eyín mi dúró, wá mú ìyàwó rẹ.”

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọ̀gá ilé ìwé ló ká eékún rẹ̀ sórí àga kékeré láàárín àwọn ọmọ kíláàsì kìíní yẹn, tó nawọ́ sókè pé ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé omi ló ń ṣáájú ni àbí gaàrí? Oṣù mẹ́ta gbáko ló lò níbẹ̀ kó tó gbéyàwó, ẹ̀ẹ̀mejì ni Ìyá Dékúnlé sì dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́.

Nítorí náà, bí ẹnìkan bá tún sọ fún yín pé ìṣirò nìkan ti tó ọmọ, ẹ má bá a jà. Ẹ gbé gaàrí fún un, kí ẹ wí fún un pé ìwé kì í tẹ ẹ̀bà.