Ìṣákọ́lẹ̀ Lórí Ilẹ̀ Pupa

Lánàá, mo ṣì ń wá bírò mi ni ẹjọ́ kan ti wọlé dé bá wa láàfin. Èmi ni akọ̀wé Baálẹ̀ Ìdí-Ahùn, abúlé wa tó wà láàárín Ìlobùú àti Ìfọ́n. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe tíṣà kí n tó gba iṣẹ́ yìí, mo sì rò pé kò sí irú ìsọkúsọ tí etí mi ò tíì gbọ́ rí. Ara mi ni mo ń tàn.

Ọmọbìnrin kan ló pe ẹjọ́. Toyibat lorúkọ rẹ̀, ọmọ Alhaji Sàláwù tó ń ta sìmẹ́ńtì ní Ìlobùú. Ó kúnlẹ̀, ó kí Baálẹ̀, ó kí àwọn ìjòyè, ó sì rántí kí èmi náà, èyí tí ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣe. Lẹ́yìn rẹ̀ ni bàbá rẹ̀ jókòó sí pẹ̀lú Bàbá Oyèdìran, ará Ìfọ́n. Bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo ni wọ́n jọ jókòó lé, wọ́n sì kẹ̀yìn síra wọn. Ọlámikúnlé, ọmọ Oyèdìran, dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò mọ ibi tí yóò gbé ọwọ́ rẹ̀ sí.

"Ta lo pè lẹ́jọ́?" Baálẹ̀ bi Toyibat.

"Bàbá mi ni, Baálẹ̀. Àti bàbá ọkọ mi."

"Àwọn méjèèjì?"

"Àwọn méjèèjì ni. Sátidé tó ń bọ̀ ni yìgì èmi àti Ọlámikúnlé. A ti sọ fún lemọ́mù, a ti gba àga àti kánópì. Wọ́n wá ní kò ní ṣeé ṣe mọ́ nítorí eré tí wọ́n ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n."

"Eré kí ni?"

"Eré àwọn tó ń fi ọkọ̀ rìnrìn àjò lójú ọ̀run."

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín, nítorí Baálẹ̀ kì í wo nǹkan kan lẹ́yìn ìròyìn. Eré méjì ló wà, orí ìkànnì kan náà ni wọ́n ti ń fi Yorùbá ṣe é. *Ẹ̀yìn Òṣùpá* ń bẹ̀rẹ̀ ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, *Iná Òfúrufú* ní agogo márùn-ún. Èmi kì í wò wọ́n o. Mo kàn máa ń jókòó síbi tí wọ́n bá ti ń wò wọ́n ni. Nínú *Ẹ̀yìn Òṣùpá*, obìnrin kan tó ń jẹ́ Faléná ni ọ̀gá ọkọ̀, kò sì ní yìnbọn láéláé àfi tó bá kọ́kọ́ pe ìpàdé. Nínú *Iná Òfúrufú*, Dọ́ríkò ni ọ̀gá ọkọ̀, ìyẹn á ti yìnbọn tán kó tó béèrè orúkọ ẹni tó yìn ín fún. Àwọn tó ń wo ti Faléná á rọra jókòó, wọ́n á mi orí, wọ́n á ní "ọ̀rọ̀ àgbà nìyẹn." Àwọn tó ń wo ti Dọ́ríkò kì í lè jókòó rárá. Wọ́n ti fọ́ fèrèsé nílé Oyèdìran lẹ́ẹ̀mejì.

"Kí ló wá kan yìgì níbẹ̀?" Baálẹ̀ béèrè.

"Ilẹ̀ Pupa ni, Baálẹ̀. Ayé kan tó wà lókè lọ́hùn-ún, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Máàsì. Faléná balẹ̀ síbẹ̀, ó ri àsíá mọ́lẹ̀. Nínú eré kejì, Dọ́ríkò náà balẹ̀ síbẹ̀, ó ri tiẹ̀. Ni bàbá mi bá ní Faléná ló kọ́kọ́ dé, pé òun ló nilẹ̀, pé àlejò ni Dọ́ríkò. Nígbà tí àwọn ẹbí ọkọ mi wá gba ìwé ẹrù ìyàwó, bàbá mi ti fi nǹkan kan kún un."

"Ìwé náà dà?"

Wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́, mo kà á sókè. Iṣu mọ́kànlélógójì, epo, oyin, obì, orógbó, Kùránì, ṣálúbàtà. Kò sí wàhálà. Àmọ́ nísàlẹ̀ pátápátá, bírò pupa ni wọ́n fi kọ ọ́: "Ìṣákọ́lẹ̀ Dọ́ríkò lórí Ilẹ̀ Pupa, iṣu mẹ́wàá, lọ́dọọdún."

Nínú àwọn ìjòyè, Jagun bú sẹ́rìn-ín. Baálẹ̀ wò ó, Jagun sì sọ ẹ̀rín náà di ikọ́.

"Alhaji Sàláwù, ṣé ẹ̀yin lẹ kọ èyí?"

"Èmi ni, Baálẹ̀, mi ò sì rí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Àlejò tó bá ń jẹun lórí ilẹ̀ onílẹ̀, dandan ni kó mú ìṣákọ́lẹ̀ wá. Bí àwọn bàbá wa ṣe ń ṣe é nìyẹn."

"Ṣé Dọ́ríkò dáko níbẹ̀ ni?"

"Ó gbẹ́lẹ̀ níbẹ̀, Baálẹ̀. Ojú mi ló ṣe. Kòtò náà gba ilé méjì."

Oyèdìran ò lè mú un mọ́ra mọ́. "Ibi tí àdó olóró bọ́ sí lẹ ń wí yẹn. Ta ló ń gbin iṣu síbi àdó olóró?"

"Kò béèrè lọ́wọ́ onílẹ̀ kó tó jù ú."

"Ẹ̀yin náà, Bàbá Oyèdìran," Baálẹ̀ dá wọn dúró, "iṣu mẹ́wàá ni. Àgbẹ̀ ni yín. Kí ló dé tí ẹ ò kàn gbé e kalẹ̀ kí àwọn ọmọ yìí so yìgì wọn?"

Oyèdìran dìde, ó tún agbádá rẹ̀ ṣe. "Baálẹ̀, mo mọ̀ pé Dọ́ríkò kì í ṣe ẹbí mi. Ṣùgbọ́n mo ti bá a jìyà. Nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ jóná, mo gba ààwẹ̀ Mọ́ńdé àti Tọ́sìdé fún un, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọkùnrin yẹn ò foríbalẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí. Tí mo bá wá gbé iṣu kalẹ̀ lórúkọ rẹ̀ lónìí, ojú wo ni màá fi wò ó ní agogo márùn-ún?"

Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe wí. Mo doríkodò kí wọ́n má rí ẹ̀rín mi.

Ẹlẹ́rìí Alhaji ló kọ́kọ́ jáde. Àbdùlláhì ni, ẹni tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe ní Ìlobùú.

"Faléná ló kọ́kọ́ dé," ó ní. "Ọjọ́ Ẹtì ló ri àsíá. Mo wò ó dáadáa."

"Ọjọ́ Ẹtì wo?" Ọ̀tún Baálẹ̀ bi í.

"Ọjọ́ Ẹtì tí tiransifọ́má adúgbò wa jó."

"Bí tiransifọ́má bá jó, iná wo lẹ fi wò ó?"

Àbdùlláhì wo òkè, ó wo ilẹ̀. "Ká sòótọ́, ẹnu Alhaji ni mo ti gbọ́ ọ."

"Alhaji, níbo lẹ̀yin ti gbọ́ ọ?"

Sàláwù wú ikọ́. "Ẹnu Àbdùlláhì ni."

Baálẹ̀ ní kí wọ́n lọ jókòó. Ó ku ẹlẹ́rìí Oyèdìran, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Rísíkátù. Ìyá yìí ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ohùn rẹ̀ sì ń lọ sókè.

"Dọ́ríkò ló kọ́kọ́ dé," ìyá ní. "Ojú mi kò ní í parọ́ fún mi. Ó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ẹ̀dá kankan. Àfi àsíá kan tó ti gbó."

Oyèdìran fa ìyá láṣọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi," Oyèdìran rọra sọ, "mo ní kí ẹ má dárúkọ àsíá."

"O tún ní kí n má purọ́. Mi ò lè ṣe méjèèjì pọ̀."

Sàláwù ti fò dìde. "Àsíá Faléná ni. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlẹ́rìí wọn."

Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára. Tíṣà ni mí, mi ò lè gbọ́ àṣìṣe kí n dákẹ́. "Kì í ṣe ti Faléná," mo ní. "Aláwọ̀ ewé ni ti Faléná, ó sì ṣì tuntun. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n máa balẹ̀ gan-an ni wọ́n rán an."

Gbogbo wọn yíjú sí mi.

"Akọ̀wé," Baálẹ̀ ní, "mo rò pé ẹ kì í wò ó."

"Mo kàn máa ń jókòó síbẹ̀ ni, Baálẹ̀."

Ó tún wò mí díẹ̀ sí i kó tó yíjú sí àwọn bàbá méjèèjì. "Nínú yín, ta ni ọ̀gá ọkọ̀ tiẹ̀ gbin pèrègún sí ààlà?"

Sàláwù ní, "Kò sí omi níbẹ̀, Baálẹ̀. Pèrègún ò lè hù."

"Ilẹ̀ tí kò lè hu pèrègún lẹ fẹ́ gbìṣu lórí ẹ̀?"

Ìjòyè rẹ́rìn-ín, èrò ẹnu ọ̀nà rẹ́rìn-ín. Toyibat nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Baálẹ̀ jọ̀wọ́ jẹ́ kí òun sọ̀rọ̀.

"Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀," ó ní. "Ìlobùú ní tiwọn ni, Ìfọ́n ní tiwọn ni. Nígbà tí mo fẹ́ mú Ọlámikúnlé wálé, odidi ọdún kan ni mi ò lè sọ fún bàbá mi pé ọmọ Ìfọ́n ni. Ọjọ́ tí mo wá sọ ọ́, bàbá mi ní kó wọlé. Bàbá tiẹ̀ náà wá, wọ́n jọ jẹun nínú abọ́ kan, kò sẹ́ni tó dárúkọ ilẹ̀. Mo wọ yàrá, mo sunkún, ayọ̀ ni. Mo ní wọ́n ti gbàgbé ìjà ilẹ̀ nítorí wa. Àṣé wọ́n ṣì máa lọ wá òmíràn lójú ọ̀run."

Ẹ̀rín tán láàfin. Sàláwù ń wo bàtà rẹ̀. Àánú ọmọ náà ṣe mí gan-an, mo sì fi bírò sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

"Ìwọ ọkọ ìyàwó," Baálẹ̀ ní, "èwo lò ń wò nínú eré méjèèjì?"

Ọlámikúnlé dọ̀bálẹ̀. "Bọ́ọ̀lù ni mò ń wò ní tèmi, Baálẹ̀."

"O káre."

Baálẹ̀ àti àwọn ìjòyè wọ inú lọ gbìmọ̀. Wọn ò pẹ́. Nígbà tí wọ́n jáde, Baálẹ̀ ò tilẹ̀ jókòó.

"Ẹ gbọ́ ìdájọ́. Níbí, ẹni tó bá ní òun ló nilẹ̀, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fi tọ ààlà, kó fọwọ́ tọ́ka sí i lójú ẹlẹ́rìí. Mi ò ní yí àṣà padà nítorí pé ilẹ̀ jìnnà. Alhaji Sàláwù, Bàbá Oyèdìran, ní agogo mẹ́wàá àárọ̀ Sátidé, kí ẹ̀yin méjèèjì wà lórí Ilẹ̀ Pupa kí ẹ tọ ààlà. Jagun á bá yín lọ."

"Èmi kẹ̀?" Jagun ní.

"Baálẹ̀," Sàláwù sọ, "agogo mẹ́wàá Sátidé ni yìgì ọmọ mi."

"Mo mọ̀. Ẹni tí a bá rí níbi yìgì ní agogo yẹn, kò sí lórí ilẹ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ó ti fi í sílẹ̀, òun àti ọmọ ọmọ rẹ̀. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ ilẹ̀, kó máa lọ, a ó fi ẹlòmíì jókòó sípò bàbá."

"Ta lẹ máa fi sípò mi?"

Baálẹ̀ wo yíká ilé. "Àbdùlláhì ò níṣẹ́ lọ́jọ́ náà."

Sàláwù wo Àbdùlláhì. Ó wo ọmọ rẹ̀. Toyibat ò wò ó padà, ẹní tó kúnlẹ̀ lé ló ń fi ọwọ́ tú. Mo rí i tí ọkùnrin náà ṣí fìlà, tó fi nu ojú.

"Àbdùlláhì ò mọ oríkì Toyibat," ó ní. "Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí nìyí. Mo fi ilẹ̀ náà sílẹ̀."

"Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé òun ló kọ́kọ́ fi í sílẹ̀," Oyèdìran ní. "Èmi ti fi í sílẹ̀ látìgbà tí Baálẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀."

"Ta ló gbọ́ ọ?"

"Nínú mi ni mo ti sọ ọ́."

Baálẹ̀ na ọ̀pá rẹ̀ sókè, wọ́n dákẹ́. "Ilẹ̀ tí kò bá ní onílẹ̀, ti Baálẹ̀ ni. Ilẹ̀ Pupa ti di tèmi, mo sì fi ta Toyibat lọ́rẹ fún ìgbéyàwó rẹ̀. Akọ̀wé, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé."

Mo kọ ọ́. Níbi tí ó yẹ kí n kọ orúkọ àwọn tó bá a pààlà sí, mo fi àyè sílẹ̀.

Toyibat dúpẹ́, ó tún dúpẹ́. Ó wá ní, "Baálẹ̀, ẹ má bínú. Ṣé ẹni tó bá nilẹ̀ ló ń gba ìṣákọ́lẹ̀?"

"Òun ni."

"Tó bá jẹ́ pé àlejò méjì ni mo bá lórí ilẹ̀ mi ńkọ́?"

Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀. "Àwọn méjèèjì ni."

Ọmọ náà yíjú sí àwọn bàbá rẹ̀, ó kúnlẹ̀ dáadáa. "Iṣu mẹ́wàá-mẹ́wàá, ẹ̀yin bàbá mi. Lọ́dọọdún."

Lónìí, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, wọ́n ránṣẹ́ pè mí sílé Sàláwù. Mo bá Oyèdìran lẹ́nu ilé ìdáná, ó gbé àpò iṣu lérí, òógùn bò ó. Sàláwù náà gbé tiẹ̀, ó gbé e láti inú yàrá rẹ̀ wá sí ilé ìdáná ara rẹ̀. Àwọn méjèèjì há sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń jà lórí ẹni tó kọ́kọ́ dé. Toyibat jókòó sórí àpótí nínú lọ́hùn-ún, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹsẹ̀ wọn jọ wọlé ni. Bóyá òótọ́ ni, bóyá irọ́ ni, mi ò mọ̀. Agogo mẹ́rin ti fẹ́ lù, mi ò sì ráyè.