Màmá, Ẹ Má Tíì Sáṣọ Yẹn

Oòrùn ti gun òkè. Nínú pálọ̀, Àbígbẹ̀yìn ti kó orí sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, ẹsẹ̀ nìkan ló kù síta. Màmá rẹ̀, tó ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì fún òtẹ́ẹ̀lì kan ládùúgbò, dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn pẹ̀lú báàfù aṣọ tútù lọ́wọ́.

MÀMÁ: Kí lò ń wá lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, Àbígbẹ̀yìn? Tó bá jẹ́ ọgbọ́n ni, ibẹ̀ kọ́ la tọ́jú ẹ̀ sí.

ÀBÍGBẸ̀YÌN: (Ó yọ orí jáde, jàǹkáríwọ̀ ti di fìlà fún un.) Màmá, mo ti rí i!

MÀMÁ: Ọgbọ́n?

ÀBÍGBẸ̀YÌN: Ojú ihò wáyà tẹlifíṣọ̀n! Èyí tí Bàbá fà wọ gbogbo yàrá nígbà tí a ṣì ń wo díìṣì. Ẹ wo àpótí kékeré méjì yìí. N ó so ọ̀kan mọ́ ihò wáyà níbí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ íńtánẹ́ẹ̀tì. N ó so èkejì mọ́ ihò wáyà tó wà ní yàrá mi lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Íńtánẹ́ẹ̀tì á kó sínú wáyà àtijọ́ yẹn, fìrì, ó ti dé ọ̀dọ̀ mi.

MÀMÁ: (Ó gbé báàfù kalẹ̀ lójijì.) Wáyà wo?

ÀBÍGBẸ̀YÌN: Wáyà tẹlifíṣọ̀n.

MÀMÁ: Dúdú yẹn?

ÀBÍGBẸ̀YÌN: Dúdú yẹn.

MÀMÁ: Áà. Ìyẹn ti kú.

ÀBÍGBẸ̀YÌN: Ta ló sọ fún yín?

MÀMÁ: Ó ti pẹ́ tó ti kú. A ti gbàgbé ẹ̀. Jẹ́ kó sinmi.

ÀBÍGBẸ̀YÌN: Kò kú, Màmá. Ó kàn wà nínú ilé ni, kò níṣẹ́ lọ́wọ́.

MÀMÁ: (Ó fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò ó.) Bíi tìẹ.

ÀBÍGBẸ̀YÌN: Ẹ ṣeun o. Iṣẹ́ yẹn náà ni mò ń wá. Aago méjì òní ni wọ́n fẹ́ fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò lórí kọ̀ǹpútà.

MÀMÁ: Ṣebí o ní inú afẹ́fẹ́ ni íńtánẹ́ẹ̀tì ń gbà? Kí ló tún fẹ́ lọ ṣe nínú wáyà?

ÀBÍGBẸ̀YÌN: Ògiri ló ń dá a dúró. Tó bá gba afẹ́fẹ́, ó dà bí ìgbà téèyàn jókòó sí pálọ̀ tó ń pariwo sí ẹni tó wà ní yàrá ẹ̀yìn. Tó bá gba wáyà, ó dà bí kéèyàn lọ sọ ọ́ sí i létí.

MÀMÁ: Èmi máa ń jókòó sí pálọ̀ pariwo sí ẹ. O kì í gbọ́.

ÀBÍGBẸ̀YÌN: Ẹ ò rí i? Ohun tó ń ṣe íńtánẹ́ẹ̀tì náà nìyẹn.

MÀMÁ: Jókòó sínú pálọ̀ ńbí. Àga wà. Afẹ́fẹ́ wà. Èmi náà wà.

ÀBÍGBẸ̀YÌN: Ẹ̀yin gan-an ni ìṣòro ibẹ̀.

MÀMÁ: Èmi bí?

ÀBÍGBẸ̀YÌN: Ṣé ẹ ti gbàgbé ti oṣù tó kọjá? Ọ̀gá yẹn bi mí pé kí ni àléébù mi. Kí n tó lanu, ẹ ti dáhùn láti orí àga.

MÀMÁ: Ó béèrè nǹkan, o ń wojú ẹ̀. Kí n wá máa wo ẹ̀yin méjèèjì?

ÀBÍGBẸ̀YÌN: Ẹ ní, “Kì í tètè jí!”

MÀMÁ: Irọ́ ni mo pa?

ÀBÍGBẸ̀YÌN: Ẹ wá dìde, ẹ kó ojú bọ inú kọ̀ǹpútà, ẹ ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ọkọ mi, ó rẹ̀ yín lójú. Ṣé ẹ ti jẹun?”

MÀMÁ: Kò sì tíì jẹun lóòótọ́. Ó sọ fún mi.

ÀBÍGBẸ̀YÌN: Ó sọ fún yín! Ẹ sọ̀rọ̀ ìyàwó ẹ̀, ẹ sọ̀rọ̀ inú tó ń run ún, títí àkókò mi fi tán. Ẹ̀yin ni wọn ì bá gbà síṣẹ́.

MÀMÁ: Wọn ò bi mí ni.

ÀBÍGBẸ̀YÌN: (Ó jókòó sílẹ̀, ohùn rẹ̀ rọ̀.) Màmá, tí tòní bá tún bọ́, mo ti sọ fún Ẹ̀gbọ́n mi pé n ó kó wá bá wọn ní ìlú wọn lọ́hùn-ún. N ó máa bá wọn jókòó ti ọjà ní ṣọ́ọ̀bù.

(Màmá nu ọwọ́ sí ìró rẹ̀. Ó wo báàfù. Ó wo ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ó tún wo báàfù.)

MÀMÁ: Ta ni yóò wá máa bá mi di etí aṣọ bẹ́ẹ̀dì mú tí mo bá fẹ́ ká a?

ÀBÍGBẸ̀YÌN: Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú wáyà yìí.

MÀMÁ: (Ó mí kanlẹ̀.) Gbìyànjú ẹ̀ nígbà náà. Ṣùgbọ́n tí kò bá ṣiṣẹ́, ọwọ́ èmi ò sí ńbẹ̀ o.

ÀBÍGBẸ̀YÌN: Ta ló dárúkọ ọwọ́ yín?

(Ó lọ́ orí wáyà mọ́ àpótí kìíní, ó gbá èkejì mú, ó sáré lọ sí yàrá rẹ̀. Kò pẹ́, igbe sọ.)

ÀBÍGBẸ̀YÌN: (láti yàrá) Màmá! Ó tàn! Iná orí àpótí ti tàn! Ẹ wá wo bí fídíò ṣe ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé!

MÀMÁ: (Ẹnu yà á.) Ó tàn? Wáyà yẹn?

ÀBÍGBẸ̀YÌN: Ẹ̀yin lẹ fẹ́ sin ín láàyè!

MÀMÁ: (Ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.) Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ààyè ẹ̀ gba iṣẹ́ méjì nìyẹn.

(Ó gbé báàfù, ó jáde sẹ́yìn ilé.)

ÀBÍGBẸ̀YÌN: (láti yàrá) Háà! Màmá, iná ti kú!

(Màmá sáré wọlé, aṣọ bẹ́ẹ̀dì tútù lórí èjìká rẹ̀.)

MÀMÁ: Ó kú?

ÀBÍGBẸ̀YÌN: Ó… ó tún ti tàn. Ẹ máa lọ síbi iṣẹ́ yín.

(Màmá jáde.)

ÀBÍGBẸ̀YÌN: Ó tún ti kú!

(Màmá wọlé, aṣọ lọ́rùn.)

MÀMÁ: Ó ń tàn kẹ̀!

ÀBÍGBẸ̀YÌN: Ẹ dúró ná, Màmá. Iná yìí ń tàn tí ẹ bá wà nínú ilé, ó sì ń kú tí ẹ bá jáde.

MÀMÁ: Ó fẹ́ràn mi ni. Ìwọ lo fẹ́ máa tilẹ̀kùn mọ́ mi.

ÀBÍGBẸ̀YÌN: Kí lẹ̀ ń ṣe lẹ́yìn ilé?

MÀMÁ: Aṣọ ni mò ń sá. Ṣé wọ́n ti sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ ni?

ÀBÍGBẸ̀YÌN: Sórí kí ni?

MÀMÁ: Sóòrùn.

ÀBÍGBẸ̀YÌN: Màmá. Sórí kí ni?

MÀMÁ: (Ó ń wo àjà.) Sórí okùn.

ÀBÍGBẸ̀YÌN: Okùn wo?

MÀMÁ: Okùn… dúdú.

(Àbígbẹ̀yìn bọ́ síta. Wáyà náà jáde lára ògiri pálọ̀, ó na gbọọrọ lọ bá òpó irin tó wà ní òpin àgbàlá, ó yí i ká, ó tún na padà wá kó sínú ògiri lábẹ́ fèrèsé yàrá rẹ̀. Pẹ́ẹ̀gì tò sórí ẹ̀ bí ẹyẹ.)

ÀBÍGBẸ̀YÌN: Yéè! Wáyà mi!

MÀMÁ: Ìgbà wo ló di tìẹ? Bàbá ẹ ló fà á gùn jù. Ó ká èyí tó ṣẹ́kù jọ, ó fi kọ́ ìṣó lára ògiri bí ejò. Gbogbo ìgbà tí mo bá rí i ni àyà mi ń já. Mo bá tú u, mo fà á lọ, mo fà á bọ̀. N ò gé e o! Bó o ṣe rí i yẹn, odindi ni.

ÀBÍGBẸ̀YÌN: Bàbá ò sì sọ̀rọ̀?

MÀMÁ: Bàbá ẹ ń sá ṣòkòtò sórí ẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Kò dá a mọ̀.

ÀBÍGBẸ̀YÌN: Ṣé okùn tán lọ́jà ni, Màmá?

MÀMÁ: Okùn wo? Onírin máa ń dípẹtà, á fi àmì sára aṣọ funfun. Oní-náílọ́ọ̀nù, oòrùn ti jẹ ẹ́ já mọ́ mi lọ́wọ́ rí, gbogbo aṣọ òtẹ́ẹ̀lì lọ wẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Wá wo èyí. (Ó fi ìka pa á lára.) Ó ń dán. Ara ẹ̀ mọ́. Kì í dípẹtà, kì í já. Bàbá ẹ ò mọ bàtà rà, kò mọ ẹran rà, ṣùgbọ́n ó mọ wáyà rà.

ÀBÍGBẸ̀YÌN: Ó dáa. Aago ń lọ. Ẹ má sá aṣọ wọ̀nyí síbí.

MÀMÁ: Kí n wá sá a síbo? Ìrọ̀lẹ́ yìí ni òtẹ́ẹ̀lì ń bọ̀ wá gbà á. Ṣé orí fóòmù lásán ni àlejò wọn máa sùn?

ÀBÍGBẸ̀YÌN: Iṣẹ́ mi ńkọ́?

MÀMÁ: Tèmi ńkọ́?

(Wọ́n ń wo ara wọn. Omi ń kán tó, tó, tó láti ara aṣọ sínú báàfù. Ìka Màmá ṣì wà lórí wáyà.)

MÀMÁ: Àbí, íńtánẹ́ẹ̀tì yẹn wà nínú ẹ̀ báyìí?

ÀBÍGBẸ̀YÌN: Ó wà ńbẹ̀.

MÀMÁ: (Ó yọ ìka kíá, ó tún fi kàn án.) Kò gbóná.

ÀBÍGBẸ̀YÌN: Kì í gbóná.

MÀMÁ: Kò ní ro sára aṣọ?

ÀBÍGBẸ̀YÌN: Kì í ṣe ọbẹ̀, Màmá.

MÀMÁ: Mo kàn ń béèrè ni. Tó bá lè ro sí i, ká sọ fún òtẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó bá sùn lórí aṣọ yìí, àlá ẹ̀ ò ní máa há láàárín.

(Àbígbẹ̀yìn ò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín bọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Màmá sá aṣọ ọrùn rẹ̀ àti ìyókù sórí wáyà. Àbígbẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ wo ibi tí wáyà ti wọ ara ògiri.)

ÀBÍGBẸ̀YÌN: Mo ti rí i. Aṣọ tútù ló wúwo. Ó ń fa wáyà wálẹ̀, orí wáyà sì ń yẹ̀ díẹ̀ lójú ihò. Tí ẹ bá gbé aṣọ kúrò, á padà sípò.

MÀMÁ: Tí ẹnì kan bá wá ń fọwọ́ gbé wáyà ró lábẹ́ ibí yìí ńkọ́?

ÀBÍGBẸ̀YÌN: Ta ni yóò dúró gbé e ró títí wọn ó fi bi mí tán?

(Màmá ti ń fún ìró rẹ̀ mọ́dìí gírígírí.)

MÀMÁ: Wọlé lọ.

ÀBÍGBẸ̀YÌN: Màmá, ẹ̀yìn yín tó ń dùn yín…

MÀMÁ: Ẹ̀yìn tí mo fi pọ̀n ẹ́ náà ni, o sì wúwo ju aṣọ òtẹ́ẹ̀lì lọ. Wọlé!

ÀBÍGBẸ̀YÌN: Abẹ́ fèrèsé mi gan-an lẹ máa wà o. Ẹ máa gbọ́ mi. Ẹ ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀.

MÀMÁ: N ò ní sọ̀rọ̀.

ÀBÍGBẸ̀YÌN: Ẹ ò gbọdọ̀ kí ẹnikẹ́ni.

MÀMÁ: Tí ìwọ bá sín ńkọ́? Kí n máa wò ẹ́?

ÀBÍGBẸ̀YÌN: Màmá!

(Màmá já pẹ́ẹ̀gì kan lórí wáyà, ó fi há ètè ara rẹ̀ méjèèjì pọ̀. Ó na ọwọ́ sókè, ó gbé wáyà ró. Nínú yàrá, iná tàn. Aago méjì lù. Àbígbẹ̀yìn fi nǹkan ìgbọ́rọ̀ sétí, ó jókòó ṣinṣin síwájú kọ̀ǹpútà.)

ÀBÍGBẸ̀YÌN: Ẹ káàsán, sà… Bẹ́ẹ̀ ni, sà, mò ń gbọ́ yín ketekete… Íńtánẹ́ẹ̀tì ilé wa? Ó dúró dáadáa, sà. Ó ní ẹni tó ń gbé e ró.

MÀMÁ: (lábẹ́ fèrèsé) Mm.

ÀBÍGBẸ̀YÌN: Ohùn wo, sà? Áà, ẹyẹlé ni.

MÀMÁ: Mm-mm!

ÀBÍGBẸ̀YÌN: Ẹyẹlé àgbà ni, sà. Ẹ má bínú… Bẹ́ẹ̀ ni, mo lè bá oníbàárà tó ń bínú sọ̀rọ̀ pẹ̀lú sùúrù. Ojoojúmọ́ ni mò ń kọ́ ọ nílé… (Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀.) Àléébù mi, sà?

(Lábẹ́ fèrèsé, ojú Màmá là. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú. Pẹ́ẹ̀gì ń gbọ̀n. Iná orí àpótí ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan. Àbígbẹ̀yìn yíjú sí fèrèsé: ọwọ́ méjì ló rí tó nà sókè, tí omi aṣọ ń ṣàn gba ìgbọ̀nwọ́ wálẹ̀.)

ÀBÍGBẸ̀YÌN: N kì í tètè jí, sà.

(Pẹ́ẹ̀gì fò kúrò lẹ́nu Màmá, ó bọ́ sínú báàfù.)

ÀBÍGBẸ̀YÌN: Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo ní ẹni tó ń jí mi, sà, òun ò sì gbàgbé rí… Ẹ ń rẹ́rìn-ín?… Ọjọ́ Ajé? Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ yìí kí n bẹ̀rẹ̀? Ẹ ṣeun, sà! Ẹ ṣeun gan-an!

(Ó pa kọ̀ǹpútà dé, ó kó orí jáde lójú fèrèsé.)

ÀBÍGBẸ̀YÌN: Màmá! Wọ́n gbà mí! N ò lọ ibì kankan mọ́!

MÀMÁ: (Ọwọ́ ṣì wà lókè.) Mo gbọ́. Ṣé kí n wá sọ ọ́ kalẹ̀?

ÀBÍGBẸ̀YÌN: Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀!

(Wáyà dọ̀bálẹ̀. Iná kú. Màmá ń na apá.)

MÀMÁ: Ṣé o rí i pé n ò sọ̀rọ̀?

ÀBÍGBẸ̀YÌN: Ẹ gbìyànjú, Màmá mi. Lọ́la n ó wá okùn tó dára fún yín. N ó dá wáyà yìí padà sára ògiri, n ó kàn án mọ́ ọn pinpin. Tí mo bá ti wọ yàrá ti ilẹ̀kùn láàárọ̀, ó di ìrọ̀lẹ́ kẹ́ ẹ tó rí mi.

MÀMÁ: Ìrọ̀lẹ́? Oúnjẹ ọ̀sán ńkọ́?

ÀBÍGBẸ̀YÌN: Tí iṣẹ́ bá wọra, n ò lè gbọ́ bí ẹ bá pè mí. Nǹkan á wà létí mi.

MÀMÁ: Hẹn-ẹn. (Ó ronú díẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í to pẹ́ẹ̀gì padà sórí wáyà.) Má wá okùn kankan.

ÀBÍGBẸ̀YÌN: Kí ló dé?

MÀMÁ: Bá mi wá ọ̀pá tó gùn, kí n máa fi ti wáyà lábẹ́. Tí aṣọ òtẹ́ẹ̀lì bá wà lórí ẹ̀, ọ̀pá á gbé e ró, iná ẹ ò ní kú.

ÀBÍGBẸ̀YÌN: Ẹ wo orí pípé! Ọ̀pá lásán ti tó! Kò sí ohun tó tún lè pa iná yẹn mọ́ nìyẹn.

MÀMÁ: Kò sí. (Ó gbé báàfù òfìfo, ó ń wọlé lọ.) Àfi tí oúnjẹ bá délẹ̀, tí mo pè ẹ́ tí o ò dáhùn. Mo ti mọ ibi tí kúbùsù ńlá Bàbá ẹ wà. N ó kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sómi, kí n tó lọ yọ ọ̀pá.