Koríko Tí Mo Gbìn Sí Ojúde Mi Ní Ìsọlọ̀

Ọjọ́ Sọ́ńdè kan wà ní Ìsọlọ̀ tí mo ti gbìyànjú láti gbàgbé títí, kò ṣe é gbàgbé. Bí mo bá ti rí ibi tí koríko tutù dáadáa báyìí, ńṣe ni ọjọ́ náà máa ń padà wá bá mi. Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́, nítorí bí mo bá kánjú, ẹ ó kàn fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ kò sì ní káàánú mi rárá.

Àsìkò tí owó epo rọ̀bì ń ṣàn nílùú ni. Ẹni tí kò ní rédíò tẹ́lẹ̀ ń ra tẹlifíṣọ̀n, ẹni tí ń gun kẹ̀kẹ́ ń fojú wá mọ́tò. Èmi náà ti kọ́ ilé kékeré kan sí Ìsọlọ̀, lápá ibi tó dojú kọ Okota, nígbà tí Okota ṣì jẹ́ igbó àti àbàtà, tí àwọn ọ̀pọ̀lọ́ ibẹ̀ kì í jẹ́ ká gbọ́ ọ̀rọ̀ ara wa. Akọ̀wé ni mí nílé iṣẹ́ kan ní Ṣógúnlé. Ìyàwó mi, Ìyá Bọ́lá, ọmọ Èkìtì ni, tíṣà sì ni. Ojúde wa fẹ̀. Apá kan rẹ̀ ni Ìyá Bọ́lá gbin ewúro, tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ sí. Ìyókù, ilẹ̀ pupa lásán ni, tí ó máa ń gbá láràárọ̀ kí ó tó lọ sí ilé ìwé, tí ipa ìgbálẹ̀ á hàn lórí rẹ̀ bí orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ya.

Ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ ń kọ́ ilé fún àwọn òṣìṣẹ́ àgbà lọ́nà Èjìgbò, wọ́n sì ń wá ẹni tí yóò máa bójú tó ọgbà ibẹ̀, koríko rẹ̀, òdòdó rẹ̀, gbogbo àyíká rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá mú yóò máa gbé ibẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, yóò sì máa gun mọ́tò ilé iṣẹ́. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o: mọ́tò. Ọjọ́ tí ọ̀gá sọ ọ́ létí gbogbo wa, ẹnu mi ṣí sílẹ̀, n kò mọ ẹni tó ṣí i.

“Ọ̀gá, ẹ bá mi dé ilé mi kí ẹ wá wo ojúde mi! Koríko ibẹ̀, bí ẹní tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ ni.”

“Lóòótọ́?”

“Lóòótọ́ ni, sà.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Bí òjò bá ti rọlẹ̀ díẹ̀, màá yà wò ó. Bí ó bá rí bí ẹ ṣe wí, a ò ní wá ẹlòmíràn mọ́.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, kò sí ewé koríko kan ṣoṣo ní ojúde mi. Èyí tó bá dánra wò tó hù, Ìyá Bọ́lá á ti hú u kí oòrùn tó yọ. Irọ́ ti jáde lẹ́nu, ó wá ku kí n sọ ọ́ di òótọ́.

Mo lọ bẹ ẹni tí ń tọ́jú ọgbà òyìnbó kan ní Ìkẹjà, ó gé koríko fún mi tòun ti iyẹ̀pẹ̀ ìdí rẹ̀, mo kó o sínú àpò, mo gbé e wọ mólúè ní Òṣòdì. Kọ̀ńdọ́ wo àpò, ó wo táì ọrùn mi.

“Bọ̀dá onítáì, kí ló wà nínú àpò?”

“Koríko ni.”

“Ẹ̀ ń sin ẹṣin?”

“Rárá, mo fẹ́ lọ gbìn ín ni.”

Ló bá yíjú sí àwọn èrò. “Ẹ gbà mí o! Gbogbo ayé ń ro koríko kúrò nílé, bọ̀dá yìí ń wọkọ̀ kó o lọ sílé!” Ọkọ̀ gbẹ̀rín. Ìyá àgbà kan lẹ́yìn ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀, pé ta ló mọ ohun tó ń ṣe mí. Àánú ìyá yẹn dùn mí ju ẹ̀rín àwọn tó kù lọ.

Mo délé, Ìyá Bọ́lá dúró sẹ́nu ọ̀nà. “Bàbá Bọ́lá, níbo lẹ fẹ́ gbin eléyìí sí?”

Mo nawọ́ sí ibi ewúro, nítorí ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti lọ́ràá jù.

“Ẹ fẹ́ hú oúnjẹ èèyàn, kí ẹ gbin oúnjẹ ewúrẹ́?”

“Mọ́tò, Ìyá Bọ́lá! Ro ti mọ́tò!”

“Ti ọbẹ̀ ni mò ń rò,” ó ní, ó sì wọlé lọ. Mo hú ewúro, mo gbin koríko síbẹ̀.

Ẹnìkan níbi iṣẹ́ yá mi ní ìwé òyìnbó kan tó kún fún àwòrán ọgbà. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé àwọn ọgbọ́n inú rẹ̀ kò burú. Ó ní kí èèyàn kun táyà àlòkù ní ọ̀dà funfun, kó kó iyẹ̀pẹ̀ sínú rẹ̀, kó gbin òdòdó sí i. Ó ní kí èèyàn dorí ìgò kodò, kó rì í mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, kí oòrùn lè máa tàn lára ìdí rẹ̀. Ó ní garawa tó ti jò kì í ṣe ìdọ̀tí, kí á so ó kọ́ kí òdòdó máa ṣẹ́ yọ láti inú rẹ̀. Mo ṣe gbogbo rẹ̀. Táyà, mo rí i gbà lọ́wọ́ awakọ̀ kan. Ìgò, ilé ọtí tó wà ní ìkóríta ni mo ti lọ tọrọ rẹ̀, èmi tí n kò fẹnu kan ọtí rí láyé mi. Nígbà tí mo parí, mo dúró sẹ́yìn, mo wò ó, orí mi wú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ń jẹ ẹ̀kọ lọ́wọ́, mo gbọ́ fèrè mọ́tò níta. Dírẹ́bà takisí kan ń pariwo: “Ẹ̀yin tó ń lẹ táyà dà? Ẹ wá bá mi fún un ní afẹ́fẹ́, mo ń kánjú!”

Mo jáde. “Kò sẹ́ni tó ń lẹ táyà níbí.”

“Kí wá ni táyà ń ṣe níwájú ilé yín?”

“Òdòdó ni mo gbìn sínú wọn.”

Ó wo táyà, ó wò mí. “Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ ò bá fẹ́ ṣiṣẹ́ lónìí, ẹ sọ fún mi. Òdòdó kẹ̀!”

Láti ọjọ́ náà, n kò jẹun àárọ̀ ní ìrọ̀rùn mọ́. Oníkẹ̀kẹ́ á dé, ọlọ́mọlanke á dé. Bàbá Lásísì, kápẹ́ńtà ará Ọ̀yọ́ tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, gbà mí nímọ̀ràn pé kí n kúkú lọ ra ẹ̀rọ afẹ́fẹ́. “Iṣẹ́ ń wá yín wálé, ẹ̀ ń lé e,” ó ní. Ó bínú nítorí mi gan-an.

Omi ńkọ́? Ẹ̀rọ omi kì í yọ nígbà tí a bá fẹ́, koríko kò sì gbọ́ àlàyé. Mo wá ń to garawa sí ìdí kànga Bàbá Lásísì láàárín àwọn obìnrin, mo ń pọn ọ́n, mo ń dà á sórí koríko. Obìnrin kan sọ garawa tirẹ̀ kalẹ̀, ó káwọ́ lẹ́yìn, ó wò mí títí. “Bọ̀dá, ẹ má bínú o. Ṣé àwọn ọmọ yín ti wẹ̀?” Àwọn ewúrẹ́ Bàbá Lásísì nìkan ni kò bá mi jiyàn. Àwọn ló gbà pé iṣẹ́ mi dára, bí mo bá sì ti yíjú báyìí, wọ́n á wá fi ẹnu yìn ín. Igi lọ́wọ́, táì lọ́rùn, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń lé wọn láràárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n koríko mú, ó ràn kúrò níbi ewúro títí ó fi gba gbogbo ojúde. Ó tutù yọ̀yọ̀. Ọ̀gá náà wá sọ fún mi lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ kan pé òun ń bọ̀ ní Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn. Mo fò wọlé bí ọmọdé. Ìyá Bọ́lá pàápàá rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Ọ̀sán Sátidé ni ìyá ìyàwó mi dé láti Èkìtì, iṣu lórí, láì sọ tẹ́lẹ̀. N kò sí nílé. Mo lọ ra ọ̀dà ní Òṣòdì. Ohun tí màmá rí, ẹ̀yìn ìgbà náà ni Ìyá Bọ́lá tó sọ fún mi. Ó dúró sẹ́nu géètì, ó wo koríko tó gba gbogbo ojúde ọkọ ọmọ rẹ̀. Nílé wọn, bó ti rí nílé tiwa náà, ojúde tí koríko bò, ilé tí àìsàn wọ̀ ni, tàbí ilé tí àwọn tó ni ín ti kó kúrò. Ó tún wo iwájú, ó rí táyà. Ó wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó rí ìdí ìgò ọtí tó tò lọ rẹrẹ. Ó sọ iṣu kalẹ̀, ó fa ọmọ rẹ̀ lọ sẹ́yìn ilé ìdáná.

“Ìgbà wo ni wọ́n ti dá ọkọ rẹ dúró lẹ́nu iṣẹ́?”

“Wọn ò dá a dúró, Màmá.”

“Iṣẹ́ táyà lílẹ̀ yẹn ńkọ́?”

“Kì í lẹ táyà. Ẹwà ló fi ṣe.”

“Ọtí yẹn náà, ẹwà ni? Koríko tó fẹ́ wọ ilé bá yín, ẹwà ni? Ewúro rẹ dà?”

Bí Ìyá Bọ́lá ti ń ṣàlàyé, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rín ń pa á. Màmá ń mi orí. Ó dá a lójú pé ńṣe ni ọmọ òun ń fi ẹ̀rín bo àṣírí ilé. Nígbà tó wá gbọ́ pé ọ̀gá mi ń bọ̀ lọ́jọ́ kejì, ó ní kó bá òun gbé iṣu wọlé. Mo dé, ó kí mi dáadáa, ó kàn ń wò mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn.

Láàárọ̀ Sọ́ńdè, ó ní orúnkún ń dun òun, kí á máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kí á bá òun gbàdúrà sí i. Mo gbàdúrà fún orúnkún yẹn tọkàntọkàn. Ẹ ò rí i pé àdúrà gbà.

Nígbà tí a padà dé, mo kọ́kọ́ rò pé a ti ṣìnà. Ojúde mi pa pupa. Kò sí koríko. Kò sí ìgò. Wọ́n ti yí táyà lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Bàbá Lásísì, òdòdó mi sì dojú dé nínú iyẹ̀pẹ̀. Àwọn obìnrin ìdí kànga ń gbé ọkọ́ wọn lọ sílé, wọ́n ń kí mi kú oríire. Lóde géètì, koríko ga bí òkìtì, ewúrẹ́ sì yí i ká bí ẹni tí a pè síbi ìnáwó. Láàárín gbogbo rẹ̀, ìyá ìyàwó mi dúró, ó ti fi ìró gbàjá, òógùn bò ó, ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ipa rẹ̀ sì yà lórí ilẹ̀ gere.

“Ọmọ mi,” ó ní, “ojú kò ní tì ọ́ mọ́. Ọ̀gá rẹ lè máa bọ̀ wàyí.”

Ẹ̀yin náà, kí lẹ bá sọ? Ibi tí mo ti ń lé ewúrẹ́ kúrò lórí òkìtì koríko ni fèrè mọ́tò ti dún lẹ́yìn mi. Ọ̀gá ni. Ó ṣí búùtù, ẹ̀rọ ìgékoríko tuntun ló wà níbẹ̀. “Ẹ bá mi sọ ọ́ kalẹ̀,” ó ní. “Mo fẹ́ rí bí ẹ ṣe máa ń gé e.” Ó wò yí ká. “Níbo ló wà?”

Kí n tó dáhùn, màmá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún tó ń dùn ún. “Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá. Ẹ dákun, ẹ má wo ti àtẹ̀yìnwá. Ọmọ yín ò mutí mọ́. Kò lẹ táyà mọ́. Ẹ wo ilé rẹ̀, ó ti mọ́. Ẹ dákun, ẹ gbà á padà síbi iṣẹ́.”

“Ọtí?” ni ọ̀gá wí. “Táyà? Màmá, ẹ dìde, ẹ dìde. Ṣebí ó wà níbi iṣẹ́ ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀?”

Mo gbọ́ tí nǹkan kan wó lulẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Bọ́lá ni, ẹ̀rín ti mú un jókòó sílẹ̀ tòun ti fìlà ṣọ́ọ̀ṣì lórí.

Kò sí irọ́ tí mo lè tún pa. Mo sọ ọ́ bó ti rí, látorí ẹnu tí mo ṣí níbi iṣẹ́ títí dé orí mólúè. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Màmá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, ó wo ìgbálẹ̀, ó wò mí, ó ní, “Àṣé gbígbìn lo gbin nǹkan yẹn?” Ó wọlé lọ gúnyán. Ọ̀gá jẹ iyán náà, ó tún béèrè ẹran. Ó ń lá ìka lọ́wọ́ nígbà tó sọ èyí tó pa mí: “Ojúde yìí mọ́ o, n kò parọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa tọ́jú koríko là ń wá. Ẹni tó máa hú u, a ní wọn rẹpẹtẹ.”

Ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ. Ẹni tí wọ́n fún níṣẹ́ náà ni akọ̀wé tó jókòó tì mí, tó ń gbé yàrá òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Òṣòdì, tí kò ní ilẹ̀ tó lè gba ilá kan. Ó máa ń fi mọ́tò gbé mi délé nígbà mìíràn. Mo máa ń dúpẹ́, n kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ́nà.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kí n máa jẹ́ kí ará ilé mi lóye ohun tí mò ń ṣe, kí n tó máa sọ ohun tí n kò ṣe fún ọ̀gá. Mo rò pé ó ti tán síbẹ̀. Láìpẹ́ yìí ni mo lọ sùn nílé Bọ́lá ní Okota, ibi tí ọ̀pọ̀lọ́ ti ń kọrin nígbà yẹn. Mo jí kí àwọn yòókù tó jí, mo bọ́ síta, mo rí koríko tó hù dé ẹnu ọ̀nà ọmọ mi. Ara mi kò gbà á. Mo wá ọkọ́ kan rí.

“Bàbá! Koríko mi!” Bọ́lá ń sáré bọ̀, ìró àná ló ṣì wà nídìí rẹ̀.

“Ọmọ mi,” mo ní, “ojú kò ní tì ọ́ mọ́.”

Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ tí mo sọ. Mo wo ọkọ́ tó wà lọ́wọ́ mi, mo wo ilẹ̀ pupa láti ẹnu ọ̀nà dé géètì. Ẹ̀rín ni mo bú sí. Kí ni n bá tún ṣe?