Bí Ládépò Mànàmáná Ṣe Ṣẹ́gun Síìpù

Ẹ yà fún un lọ́nà. Ládépò Ọ̀ṣúnníyì ló ń bọ̀, ọmọ Ìsẹ́yìn, ọmọ Ẹbẹdí, ọmọ òwú tí í sọ oníhòòhò di ẹni iyì. Ọmọ-ọmọ Àlàó tó hun òfì ki débi pé atẹ́gùn ń tọrọ àyè kó tó gba inú rẹ̀ kọjá. Ọmọ Jìmọ́ọ̀ tó dá nìkan lé òbúkọ jáde lábẹ́ òfì lọ́sàn-án gangan, tí kò pe aládùúgbò kankan kó gba òun. Akin ló bí akin.

Nígbà tí Ládépò ń kọrin, Mànàmáná ni wọ́n ń pè é. Bó bá ti bọ́ sórí pèpéle nínú ṣòkòtò tó ń kọ yẹ̀rì, àwọn ọmọge a máa dákú, àwọn tí kò dákú a máa bínú pé àwọn ò rí àyè ṣubú sí. Àmọ́ abẹ́rẹ́ ló wù ú lọ́kàn. Ó pa orin tì, ó lọ jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan l'Ábẹ́òkúta títí ó fi mọṣẹ́, kó tó wá ṣí ilé aṣọ olówó iyebíye sí Ìkòyí.

Síbẹ̀ aráyé ò gbà. Wọ́n ní òkìkí ló fẹ́ fi ta aṣọ, ọwọ́ ẹlòmíì ló ń rán an. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì dun Ládépò jù lọ ni Màmá Fẹhìntọlá, àgbà aránṣọ tó ti ń rán aṣọ fún ọba àti ìjòyè láti ìgbà tí Ládépò ò tíì mọ bọ́tìnnì í dè, obìnrin tó jẹ́ pé bó bá yínmú sí aṣọ kan, aṣọ ọ̀hún ti di ìnulẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀sán ọjọ́ tí wọ́n ṣílé aṣọ náà ni Màmá dé. Ó fọwọ́ pa ojú rírán, ó yí inú aṣọ síta, ó wá ní kí wọ́n mú kóòtù sányán kan wá kí òun dán an wò. Ó wọ̀ ọ́, ó fa síìpù rẹ̀ dé ọrùn. Ìgbà tó fẹ́ bọ́ ọ ni síìpù kọ̀. Àṣé ó ti bu aṣọ tí wọ́n tẹ́ sínú kóòtù jẹ, ó sì deyín mọ́ ọn bí ajá tó rí eegun. Màmá fà á, kò gbọ́. Àwọn àlejò bá a fà á, ńṣe ló tún le sí i. Òógùn ń ṣàn lójú Màmá. Ẹnì kan ní kí wọ́n kúkú gbé sísọ́ọ̀sì wá.

Bí wọ́n bá gé kóòtù yẹn, ó parí. Kílẹ̀ tó ṣú, gbogbo Èkó á ti gbọ́ pé aṣọ olórin fẹ́ fún Màmá Fẹhìntọlá lọ́rùn. Ládépò, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti mi pápá ìṣeré tìtì rí, sáré bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá. Ó kúnlẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fà á mọ́. Ẹ bá mi gbé àgbọ̀n yín sókè díẹ̀."

Ó mú èérún ọṣẹ gbígbẹ tí wọ́n fi ń sàmì sára aṣọ, ó fi í ra eyín síìpù lókè, ó fi í ra á nísàlẹ̀. Ó wá fi ìdí abẹ́rẹ́ yọ aṣọ náà díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń gba ọmọ lẹ́nu ẹkùn. Ogun Kírìjì pẹ́ ju èyí lọ, àmọ́ n ò rò pé ó le tó o. Lójijì síìpù ké ṣìnrìn, ó sì wálẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ẹrú ogun tí wọ́n fà wọ̀lú. Fọ́nrán òwú kan ò já.

Màmá wo inú kóòtù náà pẹ́.

"Ta ló kọ́ ẹ ní ti ọṣẹ yìí?"

"Síìpù ṣòkòtò mi ni, Màmá. Ó há mọ́ mi lára lórí pèpéle níṣojú èrò."

Màmá Fẹhìntọlá, ẹni tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò rí eyín rẹ̀ rí, rẹ́rìn-ín títí ó fi wá àga. Nígbà tó dìde, kò bọ́ kóòtù náà. Ó ní kí wọ́n di ìborùn òun sínú ọ̀rá, ó sì wọ aṣọ Ládépò jáde sójú títì, níṣojú gbogbo àwọn tó ń bú u.

Nítorí náà, ẹ gbọ́, ẹ̀yin síìpù ilé àti ti oko, ẹ̀yin onídẹ àti ẹ̀yin oníke: ẹni tó bá tún gbé aṣọ jẹ láti òní lọ, kó yáa tètè pọ̀ ọ́. Ládépò wà láyé.