Òdòdó Tí Ń Jẹ́ Dúrótoyè

Ẹ yà lọ́nà o, Dúrótoyè ń bọ̀! Àjànàkú ọjà Misẹ̀bó ní Kútọnu, tí kì í wọ ilé bí wọn kò bá tíì pàtẹ́wọ́! Henriette ìyàwó rẹ̀ ló ń ta aṣọ lọ́jà. Òun ọkọ a jókòó síwájú ìsọ̀, a máa polówó orúkọ ara rẹ̀. Orúkọ náà wà lára abẹ̀bẹ̀, ó wà lára ife. Àgbò iléyá rẹ̀ pàápàá ń jẹ́ Dúrótoyè Kékeré títí ó fi dọbẹ̀.

Ní ọjọ́ kan ló gbọ́ pé Ràfíátù, ọ̀mọ̀wé nípa ewéko ní yunifásítì, rí òdòdó kan lórí òkè Ṣábẹ̀. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń ṣì í pè ní irú mìíràn. Ràfíátù yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ó rí i pé ọ̀tọ̀ ni, kò sì sí níbòmíràn láyé. Kò tíì lórúkọ.

Dúrótoyè sáré tọ̀ ọ́ lọ.

"Ọmọ mi, ọkọ̀ ta ló gbé yín dórí òkè?"

"Tiyín ni, bàbá. Ẹ ṣé gan-an."

"Orúkọ mi ni kí o fi sọ òdòdó náà."

"Kò burú, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé irú òdòdó tí..."

"Ṣé ó rẹwà?"

"Ó pupa fòò."

"Kò sí irú rẹ̀ mọ́?"

"Kò sí."

"Èmi nìyẹn! A kì í bi erin bóyá ó wúwo."

"Bàbá, tí a bá ti tẹ orúkọ náà jáde, kò ṣeé yí padà mọ́ o."

"Bí mo ṣe fẹ́ ẹ gan-an nìyẹn!"

Bí wọ́n ṣe tẹ orúkọ náà jáde fún gbogbo ayé nìyẹn. Dúrótoyè gba gbọ̀ngàn, ó pe àwọn oníròyìn, ó sì pe Àbídéènì, aláṣọ ẹgbẹ́ rẹ̀, kí ìlara lè pa á. Wọ́n gbé ìkòkò òdòdó síwájú, wọ́n fi aṣọ bò ó. Ọ̀sán ti pọ́n.

Dúrótoyè gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. "Ìwà tí òdòdó yìí bá ń hù, tèmi ni! Ọ̀mọ̀wé, sọ ọ́ fún wọn!"

Ràfíátù dìde tìtìjú-tìtìjú. "Òdòdó yìí kò léwé."

"Ẹrù ni ewé, èmi náà kì í ru ẹrù!"

"Kò lè bọ́ ara rẹ̀. Gbòǹgbò igi ẹlòmíràn ló ń fà mu lábẹ́ ilẹ̀."

Henriette fò dìde láàárín èrò. "Èmi ni igi ọ̀hún!"

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Dúrótoyè gbọn agbádá, ó fi ìkanra ṣí aṣọ kúrò lórí ìkòkò.

Ràfíátù rọra sọ pé, "Lọ́sàn-án, ó máa ń rùn bí òkú ẹran, kí eṣinṣin lè wá bá a."

Kò tíì panu dé tí òórùn náà fi gba ilé. Àwọn ará iwájú dimú. Eṣinṣin wọlé láti ojú fèrèsé, wọ́n yí ìkòkò ká, wọ́n sì bà lé agbádá ńlá tó dúró tì í.

"Yọ orúkọ mi kúrò!"

"Kò ṣeé ṣe, bàbá. Òfin wa kò gbà pé ká pa orúkọ rẹ́ torí pé ojú ń ti ẹni tó ni ín."

Àbídéènì figbe ta: "Ẹ bá wa gbé Dúrótoyè jáde, ó ń rùn!"

Kò sẹ́ni tó béèrè èwo nínú méjèèjì.

Bàbá gba ẹ̀yìn jáde, eṣinṣin tẹ̀ lé e bí ọmọ ogun ti ń tẹ̀ lé ọba. Ó bẹ́ sẹ́yìn alùpùpù akérò kan.

"Níbo, bàbá?"

"Ibi tí wọn kò ti mọ̀ mí ní Kútọnu yìí!"

Awakọ̀ náà wo ẹ̀yìn, ó gbọ́ ẹ̀rín tó ń bọ̀ láti gbọ̀ngàn, ó sì mi orí.

"Bàbá, Kútọnu kò tóbi tó yẹn."